Ẹni tí ayé ń pariwo lé lórí, tó ṣì wà láyé: bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ìtàn ẹ̀ láì rẹ́ ẹ jẹ

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi ná. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó nínú yàrá mi l'Ẹ́bùté Mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ aráalé ń pariwo sí mi létí, mo fi fóònù kọ ìtàn olóṣèlú àdúgbò kan sórí Wikipedia Yorùbá, ìwé ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí. Bùrọ̀dá mi ti sọ fún mi pé ọkùnrin yẹn jẹ owó ilẹ̀ òun. Mo gbà á gbọ́, mo ṣì gbà á gbọ́ di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo kọ ọ́ dáadáa o, mo fi lìǹkì sí i, kò sí gbólóhùn tẹ́ ẹ máa fọwọ́ bà tẹ́ ẹ máa ní irọ́ gbuu nìyí. Àmọ́ ìpínrọ̀ mẹ́fà ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìlà kan péré ni mo fi sọ gbogbo ìyókù ayé ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí ojú ewé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ìtàn náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi lọmọ ẹni tẹ́ ẹ kọ ìtàn ẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo déètì ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni kóòtù tú ẹjọ́ yẹn ká." Kò bú mi, kò ṣépè, ó tiẹ̀ tún kí mi kú iṣẹ́. Mo wá a lọ, mo rí i, òótọ́ ló sọ. Ojú tì mí gan-an.

Látìgbà yẹn ni mo ti ní ìlànà kan tí mò ń tẹ̀ lé, òun náà ni mo máa ń fi han àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi ní Yaba lọ́jọ́ Sátidé láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yálà Wikipedia lẹ ń kọ ọ́ sí o, yálà ojú ewé tiyín ni o, iṣẹ́ kan náà ni.

Kẹ́ ẹ tó tẹ lẹ́tà kan, ẹ bi ara yín: kí ló wà láàárín èmi àti ẹni yìí?

Ẹ fi òótọ́ inú dáhùn. Ṣé ó jẹ yín lówó? Ṣé ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà lẹ jọ wà? Ṣé ẹ ò lè jókòó níbi tí wọ́n ti ń bú u? Bí ìkórìíra ṣe ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ náà ni ìfẹ́ ń bà á jẹ́. Ẹ lọ sí òde àríyá ní Súrùlérè lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wo onírárà: bí owó bá ti ń balẹ̀, gbogbo baba ńlá ẹni tó ń náwó ló máa di akọni, tí owó bá tán, ó di kí wọ́n lọ bá ẹlòmíì. Iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn, kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ìgbésí ayé kì í ṣe rárà, kì í sì í ṣe orin òtè.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ yín ń ru tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ orúkọ ẹ̀, ẹ gbé e fún ẹlòmíì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé òun ló ń sanwó fún yín, àbí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ sọ ọ́ síta, torí láti 2014 ni Wikimedia, àjọ tó ni Wikipedia, ti fi sínú òfin ìlò wọn pé ẹni tó bá gbowó kọ nǹkan gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń ṣe é n'Íkẹjà tí wọn ò sọ, tí wọ́n bá wá pa ojú ewé náà rẹ́ oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé wọ́n lu òun ní jìbìtì.

Ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣàn wá

Láàárọ̀, ní Ojúẹlẹ́gbà, ẹ máa rí àwọn èèyàn tó dúró yí ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ká, wọn ò rà, àkọlé ni wọ́n ń kà, orí àkọlé yẹn náà ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn títí ẹnì kan á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ẹnì kejì létí. Ẹ má kọ ìtàn èèyàn báyẹn. Àkọlé lè ní ọwọ́ EFCC ti tẹ gómìnà àná, kẹ́ ẹ wá ka inú ẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n kàn kọ̀wé pè é kó wá dáhùn ìbéèrè ni. Àwọn kan nínú ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló ń kọ àkọlé lọ́tọ̀, ẹni tó kọ ìròyìn lè má mọ̀ nípa ẹ̀ rárá. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tọ́jú "ṣùgbọ́n ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀" sí.

Èyí tẹ́ ẹ lè gbára lé: ìwé ìròyìn tó ní olóòtú, tó ní àdírẹ́sì, tó máa ń tọrọ àforíjì tó bá ṣàṣìṣe, ìdájọ́ kóòtù tí àwọn oníròyìn tàbí àwọn onímọ̀ òfin ti ṣàlàyé, ìwé tí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé gidi tẹ̀ jáde. Èyí tẹ́ ẹ ò lè gbára lé ni fídíò TikTok, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp, ojú ewé Facebook aláìlórúkọ, àti àwọn ojú ewé àmẹ́bọ̀ tó jẹ́ pé "a gbọ́ pé" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹni náà fẹnu ara ẹ̀ sọ ńkọ́? Ẹ lè fi í sọ ibi tó ti kàwé, tí kò bá ti sí ẹni tó ń jà á níyàn. Tó bá jẹ́ pé ó ń yin ara ẹ̀ ni o, tàbí ó ń ba ẹlòmíì jẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ ńlá dẹ́rù bà yín. Daily Mail ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìròyìn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn tó ń kọ Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì jókòó lé e lórí lọ́dún 2017, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn ò ní máa fi ṣe ẹ̀rí mọ́ àyàfi tó bá di dandan. Níbí náà, ẹ mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gúnjẹ, kò yẹ kí n máa là á fún yín. Ọgbọ́n kan rèé: ẹ da gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìròyìn náà kọ, ẹ fi sínú Google. Tẹ́ ẹ bá rí ìwé ìròyìn márùn-ún tí gbólóhùn wọn bára mu, kọ́mà sí kọ́mà, wọn kì í ṣe ẹlẹ́rìí márùn-ún o, ẹyọ kan ni, ọ́fíìsì ẹni náà ló kọ ọ́ tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.

Àdàkọ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní November 1989 ìròyìn gba gbogbo Nàìjíríà kan pé Nnamdi Azikiwe ti kú. Ẹ ronú ẹ̀ wò, Zik, tó dá West African Pilot sílẹ̀ l'Ékòó níbí ní 1937, òun tó jẹ́ bàbá oníròyìn, àwọn oníròyìn gbà lọ́wọ́ ara wọn pé ó ti kú, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ti ń jáde, nígbà tí bàbá wà nílé ẹ̀ tó ń mí. Ọdún 1996 ló tó kú. Lónìí ó tún wá burú sí i, torí oníròyìn lè wá wo Wikipedia, kó kọ ohun tó rí níbẹ̀ láì sọ ibi tó ti rí i, ẹ̀yin náà ẹ tún wá fi ìròyìn ẹ̀ ṣe ẹ̀rí fún Wikipedia kan náà. Ajá ń lé ìrù ara ẹ̀. Ẹ wo déètì: ìgbà wo ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn sí ojú ewé náà, ìgbà wo ni ìwé ìròyìn gbé e? Ó wà nínú ìtàn àtúnṣe ojú ewé náà, ẹ kàn máa yí i sísàlẹ̀ ni.

Ìròyìn tó ti pẹ́ tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ sí láìbúrérì ìjọba àpapọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Yaba, ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé ìròyìn àtijọ́ wá. Eruku á gbọn sára yín, ẹ máa sín, àmọ́ ẹ máa rí ohun tí àwọn tó ń jà lórí X (Twitter àtijọ́) ò tíì rí. Tẹ́ ẹ bá sì rí èyí tó wulẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú Wayback Machine, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, lójú ẹsẹ̀, torí lìǹkì ìwé ìròyìn wa máa ń kú bí ẹ̀fọn.

Ọ̀rọ̀ kóòtù: ẹ mọ ibi tí ẹjọ́ dé

Ibí ni èmi ti jìn sí kòtò, nítorí náà ẹ jẹ́ n rọra ṣe é. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa, "wọ́n mú un" àti "ó jẹ̀bi" ti di ọ̀kan náà. Wọn ò jọra rárá.

Wọ́n ránṣẹ́ pè é: kò tíì sí nǹkan kan. Wọ́n mú un: ó wà látìmọ́lé, ó lè jáde lọ́la. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù: wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí, ó ní òun jẹ̀bi àbí òun ò jẹ̀bi, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ èyí tó sọ. Wọ́n ní kí wọ́n fi í pamọ́ sí Ìkòyí tàbí Kìríkìrì títí onídùúró ẹ̀ á fi pé: ẹ má kọ pé "ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí" o, ẹni tí kóòtù ò tíì dá lẹ́jọ́ ò tíì ṣẹ̀wọ̀n, ó kàn ń dúró de ẹjọ́ ni. Kóòtù dá a lẹ́bi. Kóòtù dá a láre. Kóòtù tú ẹjọ́ ká, èyí tí kì í ṣe ìdáláre, wọ́n ṣì lè gbé e padà wá. Lẹ́yìn náà, kòtẹ́milọ́rùn wà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wà l'Ábújá.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo ti lé kúrò nínú ohun tí mò ń kọ ni "wọ́n dá a sílẹ̀". Ó lè jẹ́ pé wọ́n gba onídùúró ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó parí ẹ̀wọ̀n ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kóòtù ní kò ṣẹ̀. Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ẹni tó ń kà á á kàn mú èyí tó wù ú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Olóyè Bode George, ọmọ Èkó, ẹni tí àwọn kan fẹ́ràn gan-an tí àwọn kan ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ sétí. Ó ti ṣe alága ìgbìmọ̀ àwọn elébùúté, NPA, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Marina. Ní 2009 ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá òun àtàwọn kan lẹ́bi lórí bí wọ́n ṣe pín kọngílá, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì àbọ̀. Ó jáde ní 2011. Ní December 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé ìdálẹ́bi yẹn. Ẹni tó bá kọ ìtàn ẹ̀ tó dúró sí 2009, kò sí irọ́ nínú ohun tó kọ, ṣùgbọ́n ó ti tan ẹni tó kà á jẹ. Ẹni tó bá sì fo 2009 tó jẹ́ pé ìdájọ́ 2013 nìkan ló kọ, òun náà ń bo nǹkan. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀, tẹ̀ léra tẹ̀ léra, pẹ̀lú ọdún, kẹ́ ẹ sì pa ẹnu yín mọ́.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ọ́ ní abala 36, ìlà 5, pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, aláìjẹ̀bi ni títí wọ́n á fi fi hàn pé ó jẹ̀bi. Ó pọ̀ nínú wa tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí wọ́n bá mú èèyàn tiwa la máa ń rántí ìlà yìí.

Ẹ dí ihò "wọ́n"

Èdè wa dùn, ṣùgbọ́n ihò kan wà lára ẹ̀ tí òfófó máa ń gbà wọlé, ihò náà ni "wọ́n". Wọ́n ní ó ń ṣe ògùn owó. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ta ni wọ́n? Kò sẹ́ni tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ ayé èèyàn ti bàjẹ́ síbẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn. Ní May 2005 ẹnì kan tí kò forúkọ sílẹ̀ wọ Wikipedia, ó kọ ọ́ sínú ìtàn John Seigenthaler, akọ̀ròyìn àgbà ní Amẹ́ríkà tó ti bá Robert Kennedy ṣiṣẹ́ rí, pé ìgbà kan wà tí wọ́n rò pé ó lọ́wọ́ sí ikú Ààrẹ Kennedy àti ti Robert àbúrò ẹ̀. Wọ́n rò pé. Kò ní òun lòun rò ó o! Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ló fi wà níbẹ̀, bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n ń pè ní apànìyàn lójú gbogbo ayé. Nígbà tí àṣírí tú, ẹni tó kọ ọ́ ní àwàdà lòun fi ń ṣe pẹ̀lú ẹnì kan níbi iṣẹ́. Bàbá yẹn kọ ọ́ sínú USA Today ní November ọdún yẹn, ariwo ta, látibẹ̀ ni òfin Wikipedia tó le nípa ìtàn ẹni tó wà láàyè ti bẹ̀rẹ̀: ẹ̀sùn tí kò bá ní ẹ̀rí gidi lẹ́yìn, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró ṣèpàdé.

Ẹ jẹ́ n fi gbólóhùn tèmi hàn yín, ká pe ọkùnrin yẹn ní Lágbájá (kì í ṣe èyí tó ń bojú kọrin o). Ohun tí mo kọ nígbà yẹn ni:

"Wọ́n ní Lágbájá ti lu ọ̀pọ̀ èèyàn ní jìbìtì ilẹ̀, kí ọwọ́ tó wá tẹ̀ ẹ́."

Ẹ ka ẹ̀ṣẹ̀ mi. "Wọ́n", mi ò sọ ta ni. "Ti lu", bíi pé èmi wà níbẹ̀. "Ọ̀pọ̀ èèyàn", bẹ́ẹ̀ ẹni méjì ni ìwé ìròyìn kọ. "Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́", olè là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, mo kàn yọ ọdún kúrò:

"Ọlọ́pàá gbé Lágbájá lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn pé ó ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì. Ó ní òun ò jẹ̀bi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kóòtù tú ẹjọ́ náà ká torí pé olùpẹjọ́ ò mú ẹlẹ́rìí wá."

Ó gbẹ, àbí? Kò dùn ún kà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní lìǹkì tiẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀wé kà á mọ̀ fúnra ẹ̀ pé àìsí ẹlẹ́rìí ò sọ pé ilẹ̀ náà ò jẹ́ títà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sọ pé wọ́n tà á.

Ẹ ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ bíi "jẹ́wọ́", "fọ́nnu", "purọ́". Mo rí ibì kan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé òṣèré kan "jẹ́wọ́ pé òun ń gbé Lẹ́kí". Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú gbígbé Lẹ́kí, yàtọ̀ sí omi òjò? "Sọ" ti tó.

Kẹ́ ẹ sì wo "ó" àti "wọ́n" ti ọ̀wọ̀. Èyí, àwa Yorùbá máa ń bá a jà. Ẹni tó ń kọ̀wé á ka ẹni tó fẹ́ràn sí àgbà, "wọ́n bí wọn ní Ìdúmọ̀tà, wọ́n lọ sí...", tó bá kan ọ̀tá ẹ̀, "wọ́n bí i ní Múṣin, ó sá kúrò ní..." Ọmọ ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì o! Ẹ mú ọ̀kan, ẹ lò ó fún gbogbo èèyàn. Èmi máa ń lo "ó", kì í ṣe àrífín, ìwé ni. Wòlíì, Ọ̀túnba, Alùfáà náà, ẹ kọ oyè tó ní lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fi "èké wòlíì" kún un, tí ìjọ kan bá pè é bẹ́ẹ̀ ẹ sọ pé ìjọ báyìí ló pè é bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe wúwo tó

Tí èèyàn bá ti fi ọgbọ̀n ọdún kọrin, tó wá jà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ kan, ìjà yẹn ò lè gba ìdajì ojú ewé. Ẹ wo ìwé ìròyìn gidi tó sọ ìtàn ẹ̀ pátápátá, ẹ wo ààyè tí wọ́n fún ìjà náà. Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́, àìrẹ́nijẹ kọ́ ni kẹ́ ẹ bo nǹkan mọ́lẹ̀. Tí ìwé ìròyìn gidi mẹ́rin márùn-ún bá ti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n gbé e, ẹ kọ ọ́, kódà kí agbẹjọ́rò ẹ̀ máa halẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ èsì tó fọ̀ sí i.

Ọmọ ẹ̀ tó wà nílé ìwé, ìyàwó tí kò sí nínú òṣèlú, àìsàn, nọ́ńbà ilé: ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ ìbí náà, tí kò bá tíì wà káàkiri, ọdún nìkan ti tó. Orúkọ náà ẹ fi àmì sí i dáadáa kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹni yẹn gan-an ni, Adébáyọ̀ pọ̀ l'Ékòó ju ọkọ̀ dánfó lọ, wọ́n sì ti gbé ẹ̀sùn ẹnì kan lé ẹlòmíì lórí rí torí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Tí ẹni náà tàbí ará ilé ẹ̀ bá kọ̀wé sí yín

Ẹ kí i padà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ̀yin náà ẹ mú ẹ̀rí yín wá". Tó bá jẹ́ ẹ̀sùn tí ẹ̀rí ẹ̀ ò dúró dáadáa ló ń sọ, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ ná, kẹ́ ẹ tó máa wá a. Tó bá jẹ́ ohun tó ní ẹ̀rí gidi tí kò kàn wù ú ni, ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún un ìdí tó fi máa wà níbẹ̀. Ẹ ní kó fi lìǹkì ránṣẹ́ dípò kó fọwọ́ ara ẹ̀ tún un ṣe.

Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, wà níbẹ̀, abala 24 ẹ̀ ni ọlọ́pàá ti fi mú oníròyìn àti bọ́lọ́gà kiri, èmi ò sì fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ mọ̀ pé ó wà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí nílẹ̀, tó sì tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀, oorun ẹ̀ á dùn ju tẹni tó gbára lé "a gbọ́ pé" lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ má fi ojú ewé náà sílẹ̀ bí ọmọ òrukàn. Mo máa ń kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sínú kàlẹ́ńdà fóònù mi, tó bá dé mo máa wo ibi tí wọ́n bá a dé. Ká ní mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn ni, ọmọbìnrin yẹn ì bá má kọ̀wé sí mi.

Nígbà tí mo tún ìtàn ọkùnrin náà kọ tán, tí mo fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní ìpínrọ̀ kan, bùrọ̀dá mi rí i, ó pè mí lálẹ́. "Ṣé wọ́n ti fún ìwọ náà ní ẹ̀gúnjẹ ni?" Mo ní rárá o, bùrọ̀dá mi, ẹ má bínú, ẹ gbé rìsíìtì ilẹ̀ yẹn fún lọ́yà, kí lọ́yà gbé e dé kóòtù, kí oníròyìn gbé ohun tí kóòtù bá sọ, lọ́jọ́ yẹn èmi fúnra mi á kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní òun mọ ibi tóun fi rìsíìtì náà sí, inú báàgì aláwọ̀ búlúù kan ni, nílé òun tó wà n'Íkòròdú. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, wọ́n ṣì ń wá báàgì náà.